Ta Ló Ní Àdúrà?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, àwọn ẹbí kan ní Èkó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń tiro pé kó wá bá àwọn gbàdúrà. Ọmọbìnrin ilé náà ti wà nínú ìran fún ọjọ́ mélòó kan, kò jí, kò sì kú. Ọkùnrin tí wọ́n pè yìí kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe olùkọ́ ìjọ, bíṣọ́ọ̀bù kankan ò gbọ́wọ́ lé e lórí rí. Ọmọbìnrin tó wà lórí ibùsùn náà ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Èkó ìgbà yẹn jẹ́ ìlú àwọn lọ́yà, dókítà, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Kò sí ẹni tó máa ka àwọn méjèèjì yìí mọ́ èèyàn pàtàkì níbẹ̀. Síbẹ̀, ìjọ tó tẹ̀yìn àdúrà ọjọ́ yẹn jáde wà títí dòní. Tí ẹ bá ti rí àwọn tó wọ aṣọ funfun gbọlọjọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ wọn lẹ rí.

Ọ̀rọ̀ iyì ara ẹni ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ìtàn ìjọ kan ṣoṣo. Lóde òní, tí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé òun ò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní kó dúró níwájú dígí, kó máa sọ fún ara rẹ̀ pé ọba ni òun. Ó lè ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Àmọ́ tí a bá wo bí ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì ṣe rìn ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà míì ni àwọn èèyàn gbà mọ̀ pé àwọn já mọ́ nǹkan. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbà pé Ọlọ́run gbọ́, ìgbà tó yá ni ẹlòmíì wá ń wá wọn kiri pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Kò sì rọrùn rárá, torí pé àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ni àdúrà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, ká lọ sọ́dọ̀ Àfàlá. Ìyá Àjàyí ni, Àjàyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821, ogun kó Òṣoògùn, wọ́n sì kó wọn lẹ́rú tìyátọmọ. Ọmọ ọdún bíi 12 ni Àjàyí. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́; nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi í pààrọ̀. Ẹ dúró wò ó ná: ọmọ èèyàn, pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó ṣèrìbọmi ní 1825, wọ́n sì fi í ṣe àlùfáà ní 1843.

Ní 1846 tó padà dé Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà, ó rí ìyá rẹ̀. Ojú ìyá náà ti rí màbo. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn rí ara àwọn, ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ní 1848, Àfàlá wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣèrìbọmi ní ìlú náà, ó sì gba orúkọ Hánà. Ẹni tó bá mọ Bíbélì á mọ ìdí rẹ̀. Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì, obìnrin tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn nínú ilé Ọlọ́run, tí Élì àlùfáà wò ó títí tó fi rò pé ó ti mutí yó. Àlùfáà ò mọ àdúrà nígbà tó rí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ orúkọ tó lè bá ìyá arúgbó yẹn mu ju èyí lọ.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe níbẹ̀, àbí? Ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, nínú kàtídírà Canterbury fúnra rẹ̀. Kò bùṣe. Iyì tó tọwọ́ òyìnbó wá, òyìnbó lè gbà á padà. Nígbà tó fi máa di 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ti dé sí iṣẹ́ tí Crowther ń darí lágbègbè odò Ọya. Wọ́n ń yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n ń lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Bàbá náà kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú, òyìnbó sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan lára àwọn tó ti ń bínú tipẹ́ ni David Brown Vincent, tí wọ́n bí ní 1860. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àwọn Bàtísì òyìnbó ní 1888, wọ́n sì dá ìjọ Bàtísì ti ara wọn sílẹ̀. Ní 1894, ó ju orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mọ́jọlà Agbébí. Ó bọ́ kóòtù, ó wọ agbádá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Ẹ̀bùtè Ẹ̀rọ̀ ò ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó máa jù sílẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú yàtọ̀: ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àdúrà tí wọ́n sì ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìwé ni wọ́n ti ń kà á. Wọ́n ti tú u sí Yorùbá lóòótọ́, Yorùbá tó dùn létí pàápàá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé ló ń kà á. Tìrẹ ni kó o máa ṣe àmín níbi tí ìwé bá ní kó o ṣe é.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọ̀fìnkìn tó ń pa èèyàn kárí ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Kò pẹ́ tó fi wọ inú ilẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé kò sí oògùn tó ń wò ó nígbà yẹn, nílé ìwòsàn o, lọ́dọ̀ babaláwo o. Wọ́n ti ilé ìwé pa, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa níbi púpọ̀ kí àwọn èèyàn má bàa kó o ran ara wọn. Ó bọ́gbọ́n mu. Àwa tí Kòrónà ṣojú wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ohun tó jẹ́ fún onígbàgbọ́ ìgbà yẹn. Ó ti kó òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ dànù, wọ́n sì tún wá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lójú. Ta ló kù tó fẹ́ bá a bẹ Ọlọ́run?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà Saint Saviour, àwọn díẹ̀ tó yí Joseph Sadare ká pinnu pé àwọn fúnra àwọn ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, wọ́n ń gbàdúrà láìwojú àlùfáà. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wọn tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà, Sophia Ọdúnlàmí. Àìsàn náà gbé òun náà dè. Nígbà tó dìde, ó ní Ọlọ́run ti bá òun sọ̀rọ̀ pé kí àwọn èèyàn gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò. Ẹgbẹ́ wọn wá ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Àfi bíi pé wọ́n mọ̀ pé a máa kọ̀wé nípa iyì lọ́jọ́ iwájú! Èèyàn mélòó kan tí ikú ń lé kiri, tí àwọn àgbà ìjọ ń wò bí ọlọ́tẹ̀, wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n ń jẹ́ òkúta iyebíye. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà pátápátá, torí pé wọn ò gbà kí wọ́n máa ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, wọn ò sì gbà láti lo oògùn.

Mo ti ní kí n padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tiro.

Moses Orímọládé Túnọláṣẹ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, láti ìdílé ọba. Ṣùgbọ́n kí ni oyè ilé bàbá fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e? Arọ ni láti kékeré. Ní àwùjọ tó jẹ́ pé oko ni ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin, ọmọ tó ń jókòó sílé láàárọ̀ dalẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ máa ń ròyìn pé lóru ọjọ́ kan, wọ́n ń gbọ́ orin láti inú ṣọ́ọ̀ṣì Ìkàrẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń tàn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọmọ kékeré yìí nìkan ni wọ́n bá. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ má gbà á gbọ́, ohun tí ìtàn náà ń sọ nípa bí wọ́n ṣe rí i ṣe kedere: wọ́n rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ilé, ẹnì kan tí wọn ò kà sí ni wọ́n rí. Nígbà tó dàgbà, ó dìde, ó rìn. Ẹsẹ̀ náà ò tọ́ tán, ó ń tiro. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí à ń gbọ́ lórí pẹpẹ báyìí, níbi tí gbogbo nǹkan ti máa ń pé pérépéré. Orímọládé ò dúró kó san tán kó tó bọ́ sọ́nà. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn kiri láti wàásù, ó dé Lọ́kọ́jà, ó dé àwọn ìlú lókè Ọya.

Ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1924 ló wọ Èkó. Ìjọ Holy Trinity ní Ẹ̀bùtè Ẹ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dé sí, kò sì pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e kiri. Ẹni tó ní ìṣòro ń wá a, ẹni tó ń retí ọmọ ń wá a. Bàbá Àlàdúrà ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: wọn ò pe ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lórúkọ mọ́, ohun tó ń ṣe fún wọn ni wọ́n fi ń pè é.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1925, àwọn Kátólíìkì ń ṣe ọdún Ara Olúwa, wọ́n ń tò yí ìlú ká. Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wòran ní Campos Square, ládùúgbò àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé. Òun ò kì í ṣe Kátólíìkì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Ó ní òun rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé sórí àlùfáà, áńgẹ́lì náà sì bá òun délé. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú ìran. Ìgbà yẹn ni wọ́n lọ pe Bàbá Àlàdúrà. Ó dé, ó gbàdúrà, ọmọ náà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tó rí.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Kì í ṣe pé ọmọ náà jí nìkan ló ń pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ní ìlú tí obìnrin kì í ti gun àga ìwàásù. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àdúrà náà gba orúkọ Séráfù. Ní 1926 wọ́n fi Kérúbù kún un. Nínú ìpàdé wọn, kò sí pé ẹnì kan ń kàwé kí àwọn yòókù máa ṣe àmín. Gbogbo wọn ló ń gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, alákọ̀wé, alápatà, ìyá ẹlẹ́kọ, kálukú pẹ̀lú èdè ilé rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń dun tirẹ̀. Àwọn ará ìta ní ariwo ni. Lóòótọ́, ariwo ni! Ṣùgbọ́n nínú ariwo yẹn, kò sí àdúrà tó ṣáájú òmíì. Aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ tún bá a mu: tí olówó àti tálákà bá ti wọ̀ ọ́ tán, o ò ní mọ ẹni tó ra lésì àti ẹni tó yá ìró.

Ní 1927, Abíọ́dún kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n sì wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ láti wàásù, dé Abẹ́òkúta, dé Ìbàdàn àti ibi púpọ̀. Captain ni wọ́n ń pè é. Ẹ rò ó wò, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, láàárín ìlú, tó ń bá ọba àti ìjòyè sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kì í ṣe pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, nǹkan tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ ọdún 24, ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba fi ń tẹ ojú ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kú. Ó tún un ṣe títí, kò ṣiṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ òun, pé kóun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kóun lọ wàásù. Iṣẹ́ ìjọba ni o, tó ń sanwó lóṣooṣù! Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà dé ìlú rẹ̀, Odò-Ọwá, àwọn kan ní orí rẹ̀ ti yí. Ní oṣù keje ọdún 1930, ọkùnrin yìí kan náà wà ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé igbá àti kèrègbè omi wá kó gbàdúrà sí i. Kì í ṣe àwọn aláìní nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ àdúrà yìí. Isaac Babalọlá Akínyẹlé wà níbẹ̀, ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn, tó sì padà di Olúbàdàn ní 1955.

Ìjọba fura sí wọn, nítorí náà àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn wá ààbò: wọ́n pe ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míṣọ́nnárì sì dé ní 1931. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Àwọn tó pe òyìnbó rí i pé òyìnbó ń lo kuníìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ọlọ́run ló ń wo àìsàn! Ó di àríyànjiyàn, wọ́n pínyà, ibẹ̀ sì ni ìjọ tí à ń pè ní Christ Apostolic Church ti jáde, tó ń jẹ́ orúkọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Crowther, àwọn ọmọ Yorùbá jókòó ti míṣọ́nnárì, wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ ò tó tiwa. Ní ti kuníìnì, òyìnbó ni mo gbè lẹ́yìn, kí n má parọ́. Ibà ò mọ ẹni tó ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí ojú wọn fi dán lọ́jọ́ yẹn.

Ohun méjì ṣì wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lórí pẹpẹ máa ń fò. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó gbé àwọn kan sókè tẹ àwọn míì mọ́lẹ̀. Ní 1932, wọ́n sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ máa ń ka ẹ̀wọ̀n yẹn sí inúnibíni. Èmi máa ń ronú nípa àwọn obìnrin náà. Ibo ni wọ́n gbà lọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn? Ta ló bá wọn gbàdúrà?

Èkejì kan Captain Abíọ́dún fúnra rẹ̀. Ní 1929, àárín òun àti Orímọládé dàrú. Bàbá kọ lẹ́tà sí i pé kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ. Nígbà tí Orímọládé kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1933, Abíọ́dún ní ipò náà tọ́ sí òun, torí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin ò gbà. Wọ́n ní obìnrin ni. Abraham Onanuga ni wọ́n fi jẹ olórí. Àwọn tó ti jọ gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó ṣáájú ẹnì kan, wọ́n ti mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn.

Kò jókòó sẹ́yìn. Kò padà sí ìjọ Áńgílíkà, kò sì dákẹ́ sílé ọkọ. Ó ń bá ẹ̀ka tirẹ̀ lọ, ó ń wàásù, ó ń gbọ́wọ́ lé orí àwọn tó bá wá, títí tó fi kú ní 1994, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ní kò tọ́ sí i.